Ta Ló Gbẹ́ Òpó Yìí?

Ọdún Àjíǹde tó kọjá ni mo lọ sílé ní Àtòsìn, tí àbúrò mi obìnrin ní ká jọ gun Òkè Ìdànrè. Ayàwòrán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ni. Orí fóònù ló ti ń ya àwòrán rẹ̀, àwọn ará ilé wa ló sì máa ń yà jù: ìyá àgbà tó ń sá kòkó sí oòrùn, bàbá wa tó ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú àdá lọ́wọ́.

A gun àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ. Èmi tí mo máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n sùn sójú ọ̀nà. Lókè, ààfin àtijọ́ Ọwá ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára. Àbúrò mi jókòó síwájú ọ̀kan, ó ń yà á. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ta ló gbẹ́ ẹ?"

N ò mọ̀. Mo bi ẹni tó ń mú wa kiri. Ó ní, "Àwọn baba ńlá wa ni."

Ìdáhùn yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Kóòdù ni mò ń kọ jẹun. Nínú iṣẹ́ wa, kódà bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá jọ kọ ètò kan, àṣẹ kan ṣoṣo nínú Git á sọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó kọ ọ́. Kò ní sọ fún ẹ pé "àwọn baba ńlá" ni. Mo wá ń bi ara mi pé, ṣé àwa Yorùbá ò ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni? A ní. Ìtàn agbẹ́gilére kan ní Ìsẹ̀-Èkìtì ló là mí lójú.

Ọlọ́wẹ̀ lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1873, kó tó wá dé Ìsẹ̀. Ìránṣẹ́ Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ló kọ́kọ́ jẹ́, kó tó di agbẹ́gilére ààfin. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn, àwọn ọba mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pè é pé kó wá gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún àwọn. Ère ara ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ pákó; ńṣe ni wọ́n máa ń yọ síta, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Òpó kan tó gbẹ́ fún Ògògà Ìkẹ́rẹ́ wà ní Chicago lónìí. Lára rẹ̀, ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, olorì yìí sì ga ju ọba lọ fíìfíì.

Lọ́dún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó gbẹ́ sí i ni bí Ògògà ṣe ń gba aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan, Captain Ambrose, lálejò, tí àwọn èèyàn ru òyìnbó náà bí ẹrù. British Museum fẹ́ ra ilẹ̀kùn náà. Ọba kọ̀, kò tà á, àmọ́ ó gbà kí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀. Wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀kùn sì di ti Lọ́ńdọ̀nù.

Láyé ìgbà yẹn, bí iṣẹ́ ọwọ́ wa bá dé mùsíọ́mù òkè òkun, wọ́n á kọ "Yorùbá" sí i, ó parí. Ta ló gbẹ́ ẹ? Kò kàn wọ́n.

Ọlọ́wẹ̀ kú lọ́dún 1938. Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, ní 1988, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton III, bá ọ̀kan nínú àwọn opó rẹ̀, Olójú-Ifun, pàdé. Ìyá yìí ki oríkì ọkọ rẹ̀ fún un. Nínú oríkì náà, ó dárúkọ àwọn ìlú àti ààfin tí iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ wà. Ẹ ṣáà gbọ́ o: kò wo ìwé kankan. Orí rẹ̀ ló wà. Git tiwa nìyẹn! Lọ́dún 1998, Smithsonian ní Washington ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pe ìpàtẹ náà.

Ẹni tó tún kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún. Ìdílé agbẹ́gilére ló ti wá, bàbá rẹ̀ gan-an gbẹ́ igi. Síbẹ̀, ó tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, ọmọ Àreògún ti Òsì, ní Ọyẹ́-Èkìtì, níbi tí àlùfáà Kátólíìkì kan, Kevin Carroll, kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ sí. Mùsùlùmí ni Lámídì, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ kò dúró de ẹni tó máa ròyìn òun: ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde lọ́dún 1996, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ọdún 2009 ló kú.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, àbúrò mi lọ bá ìyá àgbà. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kì mí." Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé ìyá ìyá wọn jẹ́ ahunṣọ, pé àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá rán an níṣẹ́. Láti kékeré la ti ń gbọ́ oríkì yẹn, a ò fetí sí i rí. Àbúrò mi gbà á sórí fóònù.

Ní báyìí, ó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti ẹni tó yà sábẹ́ gbogbo àwòrán rẹ̀. Lábẹ́ ti òpó ààfin, ó kọ "Ẹni tó gbẹ́ ẹ:", ó sì fi àyè sílẹ̀.

Ká ní ẹnikẹ́ni ò bi Olójú-Ifun ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń ya nǹkan ilé yín, tí ẹ ń gbẹ́ ẹ, tí ẹ ń ya fọ́tò rẹ̀, ẹ pe àwọn àgbà yín lórí fóònù lálẹ́ òní. Ẹ ní kí wọ́n kì yín, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀.