Eérú Tí Ó Lówó Lórí: Ọgbọ́n Àìfi-Nǹkan-Ṣòfò ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òṣì ni ó kọ́ àwọn baba ńlá wa ní àìfi-nǹkan-ṣòfò. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ọjà ni, nítorí pé ohun tí aláìmọ̀ kà sí pàǹtí ní olùrà, ó sì ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kòkó: àlejò ni, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó wọ ilẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀ kò pẹ́ tí àwọn obìnrin ọlọ́ṣẹ fi mọ̀ pé èèpo rẹ̀ ní eérú tí ó dára fún ọṣẹ. Wọn a sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ, wọn a sun ún, wọn a kó eérú rẹ̀ sínú ìkòkò tí a lu nídìí, wọn a bu omi lé e, kí omi eérú tí ó pọ́n bí àgbo lè máa kán sínú àwo ìsàlẹ̀. Èyí ni wọn a sì sè pẹ̀lú àdín títí yóò fi di ọṣẹ dúdú.

Ìlú Edo, tí a ń pè ní Tokyo lónìí, náà jẹ́rìí sí i pé ọjà ni, kì í ṣe òṣì. Láàárín 1603 sí 1868, nígbà tí àwọn Tokugawa ń ṣàkóso Jàpáànù, àwọn tí ń ra eérú a máa ti ilé dé ilé, wọn a sì tà á fún àgbẹ̀, fún ẹni tí ń pọn ọtí, àti fún aláró, tí kò lè ṣe láìsí eérú gẹ́gẹ́ bí aláró tiwa. Ìlú tí ó ní nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, tí ó kún fún ọlọ́rọ̀ oníṣòwò, a kò lè sọ pé òṣì ni ó sọ ọ́ di ọlọ́jà eérú.

Ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ní oko Oǹdó Ẹ̀kìmọ̀gún lónìí, èèpo kòkó tí kò rí olùrà ń jẹrà lábẹ́ igi, níbi tí àrùn tí ń sọ kòkó di dúdú ti ń fara pamọ́ de òjò. Ní Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn, ọ̀rá tí ó gba ipò ewé eéran lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ, tí ó sì lè pa ewúrẹ́ tí ó bá jẹ ẹ́, ń wọ́ lọ sínú Odò Àlà.

Ìwàásù àti ọjọ́ ìmọ́tótó nìkan kò tó. Kí ìjọba àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó bá àwọn ọlọ́ṣẹ fi iye lé èèpo gbígbẹ, kí ó lè tún ní olùrà. Bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní àkúfọ́, ayé a fi í kólẹ̀: ẹ̀yin àgbẹ̀ Oǹdó, ẹ má pe èèpo kòkó yín ní pàǹtí mọ́.