Ta ló ni òfin eré? Láti Lake Geneva dé Erédò Sùngbọ́

1/ Ẹ̀yin tèmi, ẹ jókòó, ìtàn wà nílẹ̀. Tí mo bá ní "Dungeons & Dragons", ọ̀pọ̀ yín á rántí Stranger Things. Ẹ fi fíìmù yẹn sílẹ̀ ná. Ìwé òfin eré yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìjà tó wà nídìí rẹ̀ kan àwa ọmọ Ìjẹ̀bú náà.

2/ Báyìí ni wọ́n ṣe ń ta á: ẹ̀yin bíi márùn-ún jókòó yí tábìlì ká. Kò nílò ọpọ́n bíi ti ayò. Ẹnì kan ni apàlọ́, òun ni wọ́n ń pè ní Dungeon Master. Á ní: "Ẹ ti dé ẹnu ihò kan, ẹ ń gbọ́ ohùn nínú rẹ̀. Kí lẹ máa ṣe?" Ẹ̀yin tó kù ni akọni inú ìtàn. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, ẹ ju dáìsì, dáìsì á sọ bóyá ó ṣeé ṣe.

3/ Nínú àlọ́ ìyá àgbà, Ìjàpá gbọ́dọ̀ jẹ àsèjẹ yẹn kí ikùn rẹ̀ wú. Àwa tó ń gbọ́ ọ kàn ń ṣe ègbè ni. Nínú eré yìí, o lè ní "Ìjàpá tèmi ò jẹ ẹ́ o." Ó parí! Apàlọ́ á tún ìtàn tò lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nílò ìwé: ta ló máa dájọ́ tí Ìjàpá bá kọ̀?

4/ Ọdún 1974 ni ìwé àkọ́kọ́ jáde: ìwé kékeré mẹ́ta nínú páálí kan. Gary Gygax àti Dave Arneson ló kọ ọ́, ilé-iṣẹ́ TSR ní Lake Geneva, ìpínlẹ̀ Wisconsin, ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà 1,000 péré ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Ìwé yẹn fúnra rẹ̀ sọ pé atọ́nà lásán lòun, kí oníkálukú fi tirẹ̀ kún un.

5/ Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi yí padà. Nígbà tí Dungeon Masters Guide jáde ní 1979, Gygax fẹ́ kí òfin rí bákan náà níbi gbogbo. Ọdún yẹn náà ni Arneson gbé wọn lọ sí kóòtù nítorí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni méjì tó jọ dáná, ìjà dé nígbà tí ọbẹ̀ jinná.

6/ Àwọn oníwàásù kan ní Amẹ́ríkà wá ní eré ẹ̀mí òkùnkùn ni. Ní 1989, wọ́n tún ìwé kọ, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ "devil" kúrò. (Ẹ má túmọ̀ ẹ̀ sí Èṣù o, a ti sọ èyí tó!) Màmá mi náà rí dáìsì mi olójú 20, wọ́n ní: "Ṣé ẹgbẹ́ òkùnkùn kọ́ nìyẹn?" Mo ní: "Mọ́mì, àlọ́ ni."

7/ Ní 1980, wọ́n gbé ìwé òrìṣà jáde, Deities & Demigods. Ti Gíríìkì wà níbẹ̀, ti Íjíbítì, ti Íńdíà, ti Jàpáàn. Ṣàngó ò sí níbẹ̀. Ọ̀ṣun ò sí níbẹ̀.

8/ Ní 1997, Wizards of the Coast ra TSR. Ní 2000, wọ́n ṣílẹ̀kùn: ẹnikẹ́ni lè fi òfin wọn kọ ìwé tirẹ̀. Ní 2002, ará Amẹ́ríkà kan, Christopher Dolunt, kọ Nyambe, ìwé eré tó dá lórí ìtàn Áfíríkà. Òrìṣà wá wọlé, àmọ́ abẹ́ Nyambe ni wọ́n wà, orúkọ tí àwọn Lozi ní Sáḿbíà ń pe Ọlọ́run. Mi ò bínú sí i o. Ilẹ̀kùn ṣí, ó wọlé. Àwa ńkọ́?

9/ Oṣù kìíní 2023, ó hàn síta pé Wizards fẹ́ tún ilẹ̀kùn yẹn tì. Àwọn tó ń ta eré náà fárígá. Kí oṣù yẹn tó parí, ilé-iṣẹ́ yẹn gbé òfin ìpìlẹ̀ eré náà sábẹ́ Creative Commons. Wọn ò lè gbà á padà mọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde lè fi kọ ìwé, kó tà á, láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

10/ Ẹ sì wo ohun tó wà lẹ́yìnkùlé wa: Erédò Sùngbọ́. Yàrà àti odi tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160, ibòmíì ga tó mítà 20, igbó ti bò ó. Ìtàn ẹnu ní Bílíkísù Sùngbọ́, obìnrin olówó tí kò bímọ, ló ní kí wọ́n wà á. Ihò ńlá tí Gygax ń ronú kàn, tiwa wà nílẹ̀ gan-an.

11/ Mo ti ń kọ tèmi. Nínú ẹ̀, akọni tó bá mọ oríkì ẹni tó pàdé lè ju dáìsì lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ Agẹmọ ò sí níbẹ̀. Obìnrin kì í wo Agẹmọ, èmi sì ni apàlọ́. Òfin yẹn kì í ṣe ti eré, mi ò lè fi dáìsì yí i padà.

12/ Ó kàn yín. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni apàlọ́, ibo nílùú yín lẹ máa kọ́kọ́ mú wa lọ? Kí lẹ ò sì ní fi síbẹ̀ láéláé?