Bọ́láńlé Awẹ́ àti Ìtàn Ẹfúnṣetán

Bí ẹ bá bi àwa ọmọ ilé-ìwé Ìbàdàn pé ta ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ìdáhùn kan ni yóò jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa: ìkà obìnrin ni. Inú eré-onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí ó jáde ní 1970, ni a ti mọ̀ ọ́n. Eré náà dùn, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n eré ni. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí n bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, onímọ̀ ìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn tí wọ́n tún di ipò ìjọba mú.

Iléṣà ni a bí wọn sí ní 1933. Wọ́n kàwé títí dé Oxford, níbi tí wọ́n ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1964 pẹ̀lú ìwádìí lórí bí Ìbàdàn ṣe di alágbára nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ rò ó wò ná: ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ó ń kọ ìtàn agbára Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ sì ni Ìjẹ̀ṣà wà lára àwọn tí ó bá Ìbàdàn jà ní Kírìjì!

Ìṣòro kan wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ púpọ̀ nínú ìwé ayé ìgbà náà, ohun tí ó kàn wọ́n ni wọ́n sì kọ. Ní 1974, Ọ̀jọ̀gbọ́n Awẹ́ kọ àròkọ kan tí ó fi hàn pé oríkì náà jẹ́ orísun ìtàn. Òótọ́ ni pé ìyìn ni oríkì, ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Síbẹ̀ oríkì kì í bo gbogbo àléébù. Nínú oríkì ìdílé wa, ìyá àgbà kì í fo ibi tí a ti mẹ́nu ba gbèsè tí baba ńlá wa jẹ. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín tí wọ́n bá dé ibẹ̀.

Ẹ wo orúkọ Aníwúrà: ẹni tí ó ní wúrà. Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Awẹ́ ṣe olóòtú ìwé kan lórí ìtàn àwọn obìnrin Nàìjíríà, wọ́n sì kọ orí kan níbẹ̀ nípa Ẹfúnṣetán. Ẹ̀gbá ni obìnrin yìí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ó ṣòwò, ó ní oko ńláńlá, ó sì máa ń ta ohun ìjà láwìn fún àwọn jagunjagun. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí kú nígbà tí ó ń rọbí. Ó jẹ Ìyálóde, ó ń bá àwọn ìjòyè ọkùnrin jókòó níbi ìgbìmọ̀ ìlú. Nígbà tí àárín òun àti Ààrẹ Látòósà dàrú, wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè ní 1874. Lọ́dún yẹn kan náà ni àwọn ẹrú rẹ̀ pa á lóru, nínú ilé rẹ̀.

N kò sọ pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ẹrú ni ó ń ro oko rẹ̀, n kò sì ní fẹ́ wà lára wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè ọkùnrin náà ní ẹrú, wọ́n sì ń kó ènìyàn lógun. Èwo nínú wọn ni a ń pè ní ìkà ní kíláàsì? Àwọn tí ó pa á ló ṣẹ́kù tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀. Wọ́n ti gbé ère rẹ̀ sí oríta Challenge. Màíkírà ń yí i po látàárọ̀ dalẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Awẹ́ kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sínú ìwé. Wọ́n ṣe kọmíṣánnà ní àwọn ọdún 1970. Nígbà tí ìjọba ológun dá àjọ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ní gbogbo orílẹ̀-èdè, àwọn ni alága àkọ́kọ́. Wọ́n wà lára àwọn tí ó dá ibùdó ìwádìí àti ìkójọ ìwé nípa obìnrin sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àwa tí a ń gbé ní Àgbọ̀wọ́, títì nìkan ló là wá láàárín.

Mo bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ ìtàn wa bóyá èmi náà lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ gba oríkì àwọn obìnrin ilé wa sílẹ̀. Mo ti gba mẹ́rin. Ìyá àgbà ní ó kù.