Orin Dáfídì Lẹ́nu Àwọn Ọkùnrin Wa

Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ àlùfáà ní ìhà Ìware, tí òun pẹ̀lú Fìdítì àti Ìlọrà jẹ́ ìlú Afijio, a máa ń rí ohun kan ní ọjọ́ Olúwa. Àwọn ọkùnrin díẹ̀ a dìde láti kọ Sáàmù ní ohùn mẹ́rin. Ohùn wọn a dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí ó jókòó lẹ́yìn kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí, bẹ́ẹ̀ sì ni èdè rẹ̀ ni wọ́n fi ń kọrin. Kí ni ó fa èyí?

Nígbà tí àwọn òjíṣẹ́ C.M.S. wọ Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, wọ́n mú ohùn Sáàmù ti Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ wá. Bíṣọ́ọ̀pù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ fún wa; ohùn orin nìkan ni a kò túmọ̀. Nínú ohùn náà, a ń to ọ̀rọ̀ púpọ̀ sórí ìró kan ṣoṣo, kí a tó yí i padà ní ìparí. Ìró kan náà ni a sì ń lò fún ẹsẹ gbogbo, ohun yòówù kí ẹsẹ náà wí. Èyí kò pa èdè Gẹ̀ẹ́sì lára. Ṣùgbọ́n ní èdè tiwa, bí ohùn bá sọ̀ níbi tí ó yẹ kí ó gòkè, ọ̀run di ọrùn. Bí ó bá gòkè níbi tí ó yẹ kí ó dúró, ìlù di ìlú.

Àwọn baba wa kò dákẹ́ sí i. Canon J. J. Ransome-Kuti kọ orin Ìjọ sí ohùn ilẹ̀ wa, a sì gbà á sínú àwo orin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ekundayo Phillips, olórí orin ní Kàtídírà Èkó láti 1914 títí di 1962, tẹ ìwé lórí orin Yorùbá jáde ní 1953. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀.

Ní Ọ̀yọ́, nítòsí wa, ilé-ẹ̀kọ́ St. Andrew's bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọkùnrin ní iṣẹ́ olùkọ́ ní 1896. Irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń kó akọrin jọ ní àwọn ìlú kéékèèké. Orin ọkùnrin nìkan kì í ṣe ohun àjèjì sí wa, nítorí náà.

Síbẹ̀, ìṣòro kan kù. Nínú àṣà Gẹ̀ẹ́sì, bí ohùn òkè bá ń gòkè, báàsì a máa fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Nígbà náà, bí tẹ́nọ̀ tilẹ̀ pe ọ̀run dáradára, ọrùn ni báàsì ń pè lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ọkùnrin súnmọ́ ara wọn; wọ́n lè jọ gòkè, kí wọ́n sì jọ sọ̀ láìsí ìnira. Ẹsẹ Sáàmù pàápàá pín sí méjì, èkejì ń dáhùn èkíní: kí ẹnì kan lé e, kí àwọn ìyókù gbè é, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ láti ilé.

A bẹ ẹ̀yin tí ń kọ orin Sáàmù fún àwọn ọkùnrin lónìí, ẹ kọ́kọ́ ka ẹsẹ sókè kí ẹ tó mú kálámù. Ọdẹ tí ń sun ìjálá nínú igbó kì í ṣi ọ̀rọ̀ pè. Kò yẹ kí ó sàn jù wá lọ nínú ilé Ọlọ́run.