Ilé Ìsìn Christ Church ti Àtijọ́ li Èkó: Ìtàn Ilé Tí Kò Sí Mọ́

Ọ̀rọ̀ ilé kan tí kò sí mọ́ ni a fẹ́ sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá gbéra láti Ìnísà níhìn-ín lọ sí Èkó, tí ó sì rìn dé Marina li etí ọ̀sà, yio rí Kàtídírà ti Kristi, ilé ńlá tí ó yẹ láti wò. Ṣugbọ́n ilé náà kì í ṣe àkọ́kọ́. Ilé mìíràn ti wà ṣáájú rẹ̀, èyí tí a kọ́ ní ìgbà Ọbabìnrin Victoria, tí a sì ti wó. Ìtàn ilé àkọ́kọ́ yìí ní ẹ̀kọ́ fún gbogbo ìjọ tí ó ńrò láti wó ti àtijọ́ kí ó lè kọ́ tuntun.

Li ọdún 1852 ni Ọ̀gbẹ́ni Gollmer, míṣọ́nárì C.M.S., ti Badagry wá sí Èkó. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ìjòyè ìjọba àti àwọn oníṣòwò ti pọ̀ sí i ní Marina. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1867 ni a fi òkúta ìpìlẹ̀ Christ Church lélẹ̀, nígbà tí Glover, ẹni tí àwọn ará Èkó ńpè ní Gólóbà, ńṣe olórí ìjọba níbẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1869, a bẹ̀rẹ̀ sí í sin Ọlọ́run nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ li ọdún 1867 náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn gan-an, ìjà tí ó wà láàárín Ẹ̀gbá àti ìjọba Èkó gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ìbínú rẹ̀ fi bọ́ sórí àwọn onígbàgbọ́ li Abẹ́òkúta. A kó ilé ìsìn, a lé àwọn míṣọ́nárì òyìnbó jáde, a sì ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, èyí tí Townsend fi ńtẹ Ìwé Ìròhìn láti ọdún 1859. Orúkọ tí àwọn Ẹ̀gbá sọ ọ̀ràn náà kò fi ara pamọ́: Ìfọ́lé. Púpọ̀ nínú àwọn onígbàgbọ́ sá wá sí Èbúté Mẹ́ta, nwọ́n sì tẹ̀dó síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí tí ọdún kan ṣoṣo fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ li Èkó, tí ó sì fọ́ ilé li Abẹ́òkúta. Síbẹ̀, ìjọ Abẹ́òkúta kò kú. St. Peter's ní Aké ṣì dúró títí di òní. Ọ̀tá lè fọ́ ilé, kí ìjọ má sì fọ́.

Nígbà tí ogun Jálumi jà ní Ìkìrun, ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1878, tí àwọn baba wa li agbègbè yìí ńsá kiri, àwọn ará Èkó ti ńjọ́sìn nínú Christ Church fún bí ọdún 9. Ilé náà wà níbẹ̀ nígbà tí a ṣe àdéhùn àlàáfíà li ọdún 1886, ó wà níbẹ̀ nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Ajàyí Crowther sùn li Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí Ọbabìnrin Victoria papòdà li ọdún 1901. Kí ó tó di ọdún 1910, ojú irin ti la Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ìlọrin, tí ọmọ àgbẹ̀ ìhín lè wọ ọkọ̀ lọ fi ojú ara rẹ̀ rí ilé náà.

Kí ló dé tí a fi wó o? Kì í ṣe ọ̀tá ni ó wó o, àwọn tí ó ni í ni. Li ọdún 1919 ni a dá dáyósísì Èkó sílẹ̀, tí Melville Jones sì di bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kàtídírà ni ilé tí ìjókòó bíṣọ́ọ̀bù wà, nítorínáà ẹrù tí ó wà li ọrùn ilé Marina ju ti ìjọ kan lọ. Iṣẹ́ ilé tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1924, gẹ́gẹ́ bí Bagan Benjamin ti ya àwòrán rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1925, Edward Ọmọ Aládé Wales, ẹni tí ó jọba lẹ́yìn náà, fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ọdún 1946 ni iṣẹ́ náà tó parí. Ọmọ tí a bí li ọdún tí a fi òkúta náà lélẹ̀ ti di ẹni ọdún 21 kí ó tó parí, ogun àgbáiyé kejì sì ti jà, ó ti tán.

Kí ni ó wá so ilé ìṣáájú pọ̀ mọ́ ti ìkẹhìn? Ẹ wo Thomas Ekundayo Phillips, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips. Li ọdún 1914 ni ó di atẹ-dùùrù ìjọ náà, kò sì fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ títí di ọdún 1962. Ó bá ilé àtijọ́, ó rí ìgbà tí a ńkọ́ tuntun, ó sì tẹ dùùrù nínú ilé tí ó parí. Fela Sowande, olórin tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun, wà lára àwọn ọmọ akọrin tí ó tọ́. Phillips kíyèsí i pé bí ohùn orin kò bá bá ohùn ọ̀rọ̀ wa mu, ìtumọ̀ a bàjẹ́. Nítorí ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀. Ògiri wó, ṣugbọ́n orin kò dákẹ́.

Àwọn kan á wí pé, "Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kí ni a fẹ́ fi ilé àtijọ́ ṣe? Ẹ wó o!" Ẹ má yára. Nínú ìwé Esra, nígbà tí a fi ìpìlẹ̀ tẹ́ḿpìlì kejì lélẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ hó fún ayọ̀, ṣugbọ́n àwọn àgbà tí ó ti rí ilé ìṣáájú sọkún kíkan. A kò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ fún nwọn. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀hìn. Ìjọ tí ó gbọ́n ní láti wo ìhà méjèèjì.

Nítorí a lè wó nkan láìsí ẹni tí yio rántí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, a wó itẹ́ òkú Ajélè li Èkó, níbi tí a sin púpọ̀ nínú àwọn àgbà ìgbàgbọ́ sí. Crowther pẹ̀lú sùn níbẹ̀. Li ọdún 1976 ni a gbé egungun rẹ̀ lọ sí Kàtídírà ní Marina, ó sì ní ibi ìrántí níbẹ̀ títí di òní. Crowther ní orúkọ ńlá, nítorínáà a rántí rẹ̀. Àwọn tí kò ní orúkọ ńlá nkọ́? Ta ni yio gbé tiwọn?

Ǹjẹ́, ẹ̀nyin ará, bí ìjọ kan ní Ìnísà, ní Ìkìrun tàbí ní Òkukù bá pinnu láti wó ilé tí àwọn baba fi amọ̀ mọ, kí ó ṣe nkan mẹ́rin kí ìkànṣóṣó bíríkì tó ṣí kúrò. Kí ó ya àwòrán ilé náà nínú àti lóde. Kí ó bi àwọn arúgbó léèrè orúkọ àwọn tí ó pọn omi, tí ó gún amọ̀, tí ó ru igi àjà, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kí ó pa ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó mọ́ kúrò lọ́wọ́ ikán. Kí agogo, àwo ìrìbọmi àti òkúta ìrántí bá ìjọ wọ ilé tuntun. Iṣẹ́ wọ̀nyí kò gba owó púpọ̀, ṣugbọ́n bí a kò bá ṣe wọn ní àkókò, kò sí owó tí ó lè rà wọ́n padà.

Ọ̀tá fọ́ ilé li Abẹ́òkúta, ìjọ dúró. Àwọn olówó ilé wó ilé li Èkó, ìjọ dúró. Ohun tí ó lè pa ìjọ lára ni kí àwọn ọmọ rẹ̀ wọ ilé dáradára, kí nwọ́n má mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ la ọ̀nà fún wọn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a gbàgbé.