Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Lápò Ọ̀gá Ilé-Ìwé: Ìtàn Ìwé Kíkà Láàrin Àwọn Ọmọ Wa

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, àwọn òbí káàkiri Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fa ọmọ wọn lọ́wọ́ lọ sí ilé-ìwé ọ̀fẹ́. Ọmọ tí kò ní ìwé ọjọ́ìbí, wọ́n ní kí ó na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá. Bí ìka rẹ̀ bá ti lè kan etí òsì, ó ti tó ọmọ ilé-ìwé nìyẹn. Ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí Olóyè Stephen Awókòyà ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fún, ti ṣírò iye ọmọ tí yóò wá, ṣùgbọ́n èrò tó wá ju ìṣirò lọ. Ọmọ 456,600 ló wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ẹkùn náà ní ọdún 1954. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n di 811,432.

Wọ́n kọ́ kíláàsì, wọ́n wá tíṣà, wọ́n kan bẹ́ǹṣì. Ọdún mẹ́jọ tí ọmọ ń lò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀ di mẹ́fà kí àyè lè gba gbogbo wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sì sí ẹni tó yẹ kó fojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ àwọn ilé-ìwé náà, kò sí yàrá kan tí ọmọ lè wọ̀ fúnra rẹ̀, kí ó mú ìwé tó wù ú, kí ó jókòó kà á láìsí pé ẹnikẹ́ni fẹ́ bi í ní ìbéèrè nípa rẹ̀. Níbi tí ìwé àkàgbádùn bá tilẹ̀ wà, inú kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé ló ń wà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ a sì wà nínú àpò ọ̀gá. Kì í ṣe pé ọ̀gá náà burú. Ìwé jẹ́ ẹrù ìjọba tàbí ẹrù ìjọ. Bí ó bá sọnù tàbí tó bá ya, òun ni wọn yóò bi. Nítorí náà, ìwé tó mọ́ tónítóní tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ni ẹ̀rí pé ọ̀gá ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Ìwà yìí ti pẹ́ ju ọdún 1955 lọ. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ó sọ pé òun fẹ́ kí ó di àṣà àwọn ènìyàn láti máa fi ìwé kíkà wá ìmọ̀ kiri. Ìwé kíkà tí àwọn míṣọ́nnárì gbé wá ní iṣẹ́ tí wọ́n rán an: kí ènìyàn lè ka Bíbélì, kí ó lè ṣe katikísìmù, lẹ́yìn náà kí ó lè yege ìdánwò, kí ó sì di akọ̀wé. Èdè wa fúnra rẹ̀ gba èyí mọ́ra. Bí Yorùbá bá ní ẹnìkan kàwé, ohun tí wọ́n ń wí ni pé ó lọ sí ilé-ìwé, ó gboyè, ó ríṣẹ́. Bóyá onítọ̀hún tún ṣí ìwé kankan lẹ́yìn ìdánwò rẹ̀ tó kẹ́yìn, gbólóhùn náà kò sọ ọ́.

Síbẹ̀, àwọn ọmọ gbádùn ìwé. D. O. Fágúnwà, tíṣà láti Òkè-Igbó, ló mú un dájú. Ní ọdún 1938 ni ilé ìtàwé ìjọ CMS gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ó sì di ìwé tí ilé-ìwé ń lò. Ìwé yìí kò dúró sí kíláàsì. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n kà ń gbé e wálé, yóò sì máa kà á sókè lálẹ́ fún ìyá, bàbá àti àwọn aládùúgbò tí kò lọ sí ilé-ìwé, tí wọ́n sì mọ ìtàn ju ọmọ náà lọ. Níbẹ̀ ni àlọ́ àti ìwé ti pàdé. Ọmọ tó ń kàwé kò kúrò láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀, ó jókòó sí àárín wọn ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé Yorùbá kò ní àṣà ìwé kíkà, kí ó ronú nípa irú alẹ́ bẹ́ẹ̀.

Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó kéré sí i. Ìtàn àti ewì inú rẹ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí títí wọ́n fi darúgbó. Ẹ̀ka ìtẹ̀wé ti ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn, níbi tí Fágúnwà pàápàá ti ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1950, náà gbé ìwé ìròyìn Yorùbá jáde fún àwọn ọmọ àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà. Ìṣòro ibẹ̀ kì í ṣe pé kò sí ẹni tó lè kọ ohun tí ọmọ yóò fẹ́ràn. Níbo ni ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lè ra ìwé yóò ti rí i?

Ní àwọn ọdún 1970 ni ẹnìkan gbé ìbéèrè yìí lé tábìlì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Felicia Adétòwún Ògúnṣèyẹ, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí ní ìlú Bìní ní ọdún 1926, kẹ́kọ̀ọ́ nípa jọ́gíráfì ní Cambridge, ó tún lọ kọ́ iṣẹ́ láíbúrárì ní Boston ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1973 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà. Òun ló dá ilé ìkàwé ọmọdé sílẹ̀ ní Abadina, lábẹ́ ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ láíbúrárì ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ibi tó yàn yẹ fún àfiyèsí. Abadina ni àdúgbò tí àwọn òṣìṣẹ́ kékeré Yunifásítì ń gbé: mẹ́séńjà, awakọ̀, olùgbálẹ̀, ọlọ́gbà. Ìrìn díẹ̀ sí ilé wọn ni ilé ìkàwé ńlá ti Yunifásítì wà, ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà nígbà náà. Òbí lè máa gbá ilẹ̀ ibẹ̀ láràárọ̀. Ọmọ rẹ̀ kò ní ìwé kankan láti yá níbẹ̀. Ògúnṣèyẹ lè gbé ilé ìkàwé ọmọdé kalẹ̀ fún ọmọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, tí ìwé ti wà nílé wọn, àbájáde rẹ̀ ìbá sì dára lójú. Ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Abadina.

Kò fi í mọ sórí ìwé nìkan. Àwòrán wà níbẹ̀, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní ibùdó ohun èlò dípò láíbúrárì lásán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ di alábòójútó ilé ìkàwé sì ń wá síbẹ̀ láti fojú ara wọn rí bí ọmọdé ṣe ń lo ìwé. Èyí ṣe pàtàkì ju bó ṣe lè dún lọ. Ẹni tó bá ti rí ọmọ tó mú ìwé kan, tó ṣí i, tó dá a padà, tó tún mú òmíràn, yóò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ láti yan ìwé nìyẹn. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa, kò sí ohun tí ọmọ lè yàn.

Ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ń dáhùn ìbéèrè mìíràn láàrin àkókò kan náà. Láti ọdún 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àfi Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Wọ́n ní láti kọ ìwé ìṣirò àti ìwé sáyẹ́ǹsì tuntun ní Yorùbá, nítorí kò sí irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n tilẹ̀ tún ta wọ́n yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Báyìí ni yunifásítì méjì ní ilẹ̀ Yorùbá fi hàn, láàrin ọdún mẹ́wàá kan, pé ọmọ tálákà yóò kàwé bí ìwé bá sún mọ́ ọn, àti pé yóò tètè mọ̀ ọ́n kà bí ìwé náà bá sọ èdè tó gbọ́. Kò sí ìjọba tó so méjèèjì pọ̀ di ètò kan fún gbogbo ilé-ìwé. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ti orílẹ̀-èdè tó jáde ní 1977 ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ, ètò náà sì ka ilé ìkàwé sí ohun pàtàkì, ṣùgbọ́n owó tí yóò ra ìwé kò bá ọ̀rọ̀ náà rìn. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò ọrọ̀-ajé tuntun ti ọdún 1986, ìwé di ọjà olówó iyebíye, àwọn atẹ̀wé sì dojú kọ ìwé ìdánwò, èyí tó dájú pé wọn yóò rí tà. Ìwé àkàgbádùn fún ọmọdé, pàápàá ní Yorùbá, ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Àwọn ilé-ìwé aládàáni kan ń kọ owó láíbúrárì sínú bíìlì wọn báyìí. Òbí tó bá san án ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ wọ inú yàrá náà gbẹ̀yìn, orúkọ ìwé tó yá wálé, àti iye tó jẹ́ Yorùbá nínú àwọn ìwé tó wà níbẹ̀. Òbí tí ọmọ rẹ̀ wà ní ilé-ìwé ìjọba, tí kò san nǹkan kan, ní ẹ̀tọ́ kan náà, nítorí owó orí ìlú ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó sì tún lè bèèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.