Gègé Tí A Fi Ara Aago Ṣe: Ọ̀rọ̀ Lórí Irin Àlòkù àti Ìtàn Inú Rẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń bá wa kálọ lórí ètò yìí, ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí kéré lójú. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ. Gègé ìkọ̀wé ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ọmọ ilé-ìwé ń rà ní ìsọ̀ ní Ibido, tí yóò lò fún ọ̀sẹ̀ méjì tí yóò sì sọ nù. Gègé tí à ń wí yìí ní ara tí ó mọ́ gaara bí gíláàsì, inú rẹ̀ sì kún fún kẹ̀kẹ́ eléyín wẹ́wẹ́, ọwọ́ aago, ìdè tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, àti òkúta pupa tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ara aago ọwọ́ àtijọ́ ni gbogbo wọn. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wà ní Amẹ́ríkà àti ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe irú gègé bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ràn ohun ẹ̀ṣọ́.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn ni èyí: bí ènìyàn bá mú ohun àlòkù, tí ó sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣọ́, ṣé ìtàn ohun àlòkù náà ti parí nìyẹn? Àwọn kan gbà pé ó ti parí. Wọ́n ní aago tí ó ti kú ti kú, ẹ̀ṣọ́ tuntun ni a bí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, n óò sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń ṣe é. Oníṣẹ́ náà yóò tú aago tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, yóò fi ẹ̀mú kékeré ṣa àwọn kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì fọ epo àti ìdọ̀tí kúrò lára wọn. Lẹ́yìn èyí, yóò mú páìpù idẹ tóóró kan, inú èyí tí tàdáwà yóò máa gbé nígbẹ̀yìn. Ó lè kùn ún ní dúdú, ó sì lè fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Ara páìpù yìí ni yóò máa lẹ àwọn kẹ̀kẹ́ náà mọ́, ibí gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà sì wà. Páìpù rí róbótó, kẹ̀kẹ́ aago sì rí pẹlẹbẹ. Bí a kò bá rọra tẹ kẹ̀kẹ́ náà kí ó bá ara páìpù mu, etí rẹ̀ yóò yọ síta, irin tí a fi ń bó o lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn yóò sì hú u dànù. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá lẹ̀ tán, yóò gbé e sínú ohun tí a fi ń da nǹkan, yóò sì da résìnì lé e lórí, omi kan tí ó mọ́ kedere tí ó sì máa ń le bí ìwo. Afẹ́fẹ́ a máa há sínú omi náà bí ìgbà tí ọṣẹ bá ń hó, a sì ba ojú iṣẹ́ jẹ́. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ṣe ń gbé e sínú ìkòkò irin tí a fi ẹ̀rọ fún afẹ́fẹ́ sí, kí agbára afẹ́fẹ́ yẹn lè tẹ àwọn ihò náà pa títí résìnì yóò fi le. Ìgbà náà ni a óò gbé e sórí ẹ̀rọ léètì, irú èyí tí àwọn agbẹ́gi àti àwọn tí ń gé irin ń lò. A óò fi irin mímú bó o títí yóò fi rí róbótó, a óò fi sáńpépà fá a, láti orí èyí tí ó le títí dé èyí tí ó kúnná, a óò sì dán an. Ẹnu àti ìdérí ni a ń fi sí i kẹ́yìn.

Iṣẹ́ sùúrù ni. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti ń rí aago òkú tó bẹ́ẹ̀?

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1969 ni ilé-iṣẹ́ Seiko ní Japan gbé aago ọwọ́ kan tí wọ́n pè ní Astron jáde. Bátìrì àti òkúta quartz ni ó fi ń ka àkókò. Ṣáájú ìgbà náà, sípíríǹgì ni ó ń fún ọ̀pọ̀ jù lọ aago ọwọ́ lágbára. Kẹ̀kẹ́ ń yí kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ kan tí ń mì síwá sẹ́yìn sì ń kó wọn níjàánu kí wọ́n má baà sáré. Òkúta pupa tí mo mẹ́nu bà wà níbẹ̀ kí irin má baà máa jẹ irin. Àtọwọ́dá ni òkúta ọ̀hún: Auguste Verneuil, ará Faransé, ni ó fi ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é han aráyé ní ọdún 1902. Aago bátìrì kò nílò ọ̀pọ̀ nínú ohun wọ̀nyí. Owó rẹ̀ wálẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀, ó sì pé ju aago oníkẹ̀kẹ́ lọ. Ní Síwísì, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ aago tó nǹkan bí 90,000 ní ọdún 1970. Nígbà tí ó fi di àárín ọdún 1980 sí 1989, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju 30,000 lọ mọ́. Ẹni tí ó bá dàgbà ní àkókò yẹn ní àwọn ìlú wa náà yóò rántí àwọn tí ń tún aago ṣe, awò kékeré há lójú kan, àwo pẹlẹbẹ tí ó kún fún ìdè wà níwájú wọn. Ẹni tí aago bátìrì rẹ̀ bá kú kò ní ìdí púpọ̀ láti gbé e tọ̀ wọ́n lọ, àfi kí wọ́n bá a pààrọ̀ bátìrì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ èdè bọ̀ ọ́, nítorí iṣẹ́ mi ni. Aago tí a ń pè bẹ́ẹ̀, inú agogo ni orúkọ náà ti jáde. Ohun èlò tí alágbẹ̀dẹ fi òòlù lù jáde ni àwọn baba wa fi sọ ẹ̀rọ òyìnbó tí ń lù ní wákàtí wákàtí lórúkọ. Kálàmù ẹ̀wẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni a ti gbà á. Àwọn Gíríìkì náà ní irú ọ̀rọ̀ yẹn, koríko etí odò tí ó ní ihò nínú ni wọ́n fi ń pè. Kálàmù tí àwọn ọmọ ilé-kéwú fi ń kọ̀wé sára wàláà, igi ni a gbẹ́ lẹ́nu ṣóńṣó. Bírò sì jẹ́ orúkọ ènìyàn: László Bíró, akọ̀ròyìn ará Hungary, tí ó gba ìwé-àṣẹ lórí gègé rẹ̀ ní ọdún 1938. Láti ìgbà tí bírò ti di ohun tí a ń rà ní owó táṣẹ́rẹ́ ni gègé olówó iyebíye ti kúrò ní ohun ìkọ̀wé, tí ó di ohun tí a fi ń dá ènìyàn lọ́lá. Mo ti rí púpọ̀ nínú wọn lórí tábìlì àwọn ẹni ńlá, wọn kì í sábà kọ dáadáa.

Ó tó gẹ́ẹ́ nípa ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí ó mú mi jókòó lórí ètò yìí wà ní ojú aago.

Marie Curie àti ọkọ rẹ̀ Pierre ni wọ́n ṣàwárí rédíọ̀mù ní ọdún 1898. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi mọ̀ pé bí a bá pò ó mọ́ ọ̀dà kan, ọ̀dà náà yóò máa tàn nínú òkùnkùn. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ni èyí wúlò jù, nítorí àwọn ọmọ-ogun fẹ́ ka aago lóru láìtan iná. Ní Orange, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ni ilé-iṣẹ́ kan gbà láti máa fi ọ̀dà yìí kun nọ́ńbà ojú aago láti ọdún 1917. Nọ́ńbà náà kéré, búrọ́ọ̀ṣì sì ní láti mú ṣóńṣó. A kọ́ wọn pé kí wọ́n máa fi ètè wọn pọ́n ọn. Wọ́n fi ètè pọ́n ọn, wọ́n rì í bọ ọ̀dà, wọ́n kun nọ́ńbà, wọ́n tún fi ètè pọ́n ọn. A sọ fún wọn pé kò léwu. Àwọn mìíràn nínú wọn tilẹ̀ ń fi kun èékánná àti eyín wọn fún ṣeréṣeré, kí wọ́n lè máa tàn bí wọ́n bá dé ilé.

Rédíọ̀mù a máa wọ inú eegun, nítorí ara kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èròjà tí eegun fi ń lágbára. Eyín àwọn obìnrin wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí; egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn jẹrà; àwọn kan kú láìtí ì pé ọgbọ̀n ọdún. Ní ọdún 1927, Grace Fryer àti àwọn mẹ́rin mìíràn pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Ní ọdún 1928, wọ́n yanjú ẹjọ́ náà: 10,000 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 600 dọ́là lọ́dọọdún, àti owó ìtọ́jú. Ọdún 1933 ni Grace Fryer kú.

Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ óò bá mi ṣàlàyé èyí fún àwọn ọmọ. Ọ̀dà náà kì í tàn títí. Ohun tí ń gba ìtànṣán tí ó sì ń di ìmọ́lẹ̀ a máa bàjẹ́ láàárín ọdún mélòó kan, nọ́ńbà náà yóò sì ṣú. Ṣùgbọ́n rédíọ̀mù fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó gbà á tó ọdún 1,600 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ẹni tí ó bá mú ojú aago àtijọ́ bẹ́ẹ̀, tí ó sì rò pé ó ti kú nítorí pé kò tàn mọ́, tí ó wá há a tàbí tí ó fi sáńpépà fá a, eruku rẹ̀ ni yóò fà símú. Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn nígbà tí mo wí pé n kò gbà pé ìtàn ohun àlòkù ti parí.

Ẹni tí ó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan nìyí, kí ó bá wa padà sílé. Ibido wà lára àwọn ìlú 13 tí ó para pọ̀ di Ṣágámù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bí ti àwọn ìlú Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú yòókù, Òṣùgbó wà láàárín ìṣàkóso wọn, edan idẹ sì ni àmì Òṣùgbó: akọ àti abo, irin wà nínú wọn, idẹ ni a dà bò ó, ẹ̀wọ̀n sì so wọ́n pọ̀ ní orí. Alágbẹ̀dẹ idẹ a fi ìda oyin mọ ọ́n, a fi amọ̀ bò ó, a fi iná yọ́ ìda náà kúrò, a sì da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Bàbà tí a fi ń ṣe idẹ kì í ti ilẹ̀ Rẹ́mọ jáde. Òwò ni ó ń gbé e wá, ohun tí ó sì bá òwò dé kì í ṣe idẹ tútù nìkan. Ẹ̀gbà ọwọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀, àwo ni òmíràn. Àwọn náà di àlòkù kí wọ́n tó di ẹ̀ṣọ́.

Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ ará Pọtogí, kọ ìwé kan láàárín ọdún 1505 sí 1508. Ó mẹ́nu ba ìlú ńlá Ìjẹ̀bú tí yàrà jíjìn yí ká. Ó ní òwò ẹrú ni a ń ṣe níbẹ̀, pẹ̀lú eyín erin díẹ̀, àti pé ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ 12 sí 15 ni iye ẹrú kan. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ ní Jámánì, tí Tobias Skowronek ṣe aṣáájú wọn, gbé àyẹ̀wò jáde lórí ẹ̀gbà 67 irú èyí, tí a rí nínú ọkọ̀ tí ó rì sínú òkun àti lórí ilẹ̀. Òjé tí ó wà nínú wọn bá ti àwọn iṣẹ́ ọnà idẹ Bìní mu, ó sì tọ́ka sí agbègbè odò Rhine ní Jámánì. Ti Bìní ni wọ́n yẹ̀ wò, wọn kò yẹ ti Ìjẹ̀bú wò; ṣùgbọ́n àwọn Pọtogí kan náà ni wọ́n gbé ẹ̀gbà wá sí apá méjèèjì.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Oníṣẹ́ gègé kì í yọ́ kẹ̀kẹ́ aago. Ó há a sínú résìnì, ẹni tí ó bá mú gègé náà lọ́wọ́ rí i pé aago ni. Alágbẹ̀dẹ idẹ fi iná pa ojú ẹ̀gbà rẹ́ pátápátá. Àwọn kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rò pé ìyẹn gan-an ni agbára iṣẹ́ náà: ó gba ohun ìtìjú, ó sì sọ ọ́ di ohun ọ̀wọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yẹn. Síbẹ̀, ẹni tí a fi ẹ̀gbà 12 rà kò ní orúkọ nínú ìwé Pacheco Pereira, kò sì ní ojú lára idẹ. Nígbà tí olùkọ́ bá kó ọmọ lọ wo edan, tí ó sọ nípa ìda àti amọ̀ àti ọgbọ́n ọwọ́, tí kò sì béèrè ibi tí idẹ ti wá, ìdajì ẹ̀kọ́ ni ó kọ́ wọn. Grace Fryer sàn ní èyí kan: ó rí adájọ́ tí yóò dárúkọ rẹ̀ fún.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ gègé yìí bá wù, kí ó má bẹ̀rù kẹ̀kẹ́, ìdè àti sípíríǹgì. Kí ó kọ orúkọ aago tí ó tú àti ìlú tí a ti ṣe é sínú ìwé pélébé, kí ó fi tẹ̀ lé gègé náà fún ẹni tí yóò rà á. Ṣùgbọ́n ojú aago tí ó bá ti wà ṣáájú ọdún 1970, tí ọ̀dà nọ́ńbà rẹ̀ nípọn tí ó sì ti di àwọ̀ ilẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀. Kí ó má há a, kí ó má fá a, kí ó má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Kí ó wé e mọ́ inú ọ̀rá, kí ó fi í pamọ́ kúrò níbi tí ọmọdé lè dé, kí ó sì lọ béèrè ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ físíìsì ní yunifásítì tí ó bá súnmọ́ ọn.